Máìlì Kẹtàlá: Bí Oúnjẹ Ṣe Ń Dé Ẹnu Ọmọ ní Owódé Onírin

Kí ojúmọ́ tó mọ́ tán ní Owódé Onírin, ariwo méjì ni ń jí ènìyàn. Èkíní ni ti irin: òòlù ń dún lára ẹ́ńjìnnì àlòkù, àwọn ọmọọ̀ṣẹ́ ń tú bọ́ǹtì tó ti dípẹtà, wọ́n sì ń gbé àjákù irin sórí òṣùwọ̀n kí wọ́n tó dá iye lé e. Èkejì ni ti tírélà tó ti rin ìrìn ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti Òkè Ọya, tó ru tòmátì, tàtàṣé, àlùbọ́sà àti iṣu wá sí ọjà Máìlì 12, tí kò jìnnà rárá sí ibi tí wọ́n ti ń lu irin náà. Àwọn alábàárù ti dúró, òṣùká lórí. Àwọn alágbàtà ti ń nawọ́ sí apẹ̀rẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró dáadáa.

Orúkọ àdúgbò yìí dùn létí bí àdúrà: owó dé. Orúkọ ọjà jẹ́ ti òpópónà. Láyé àwọn amúnisìn, máìlì ni wọ́n fi ń ka ọ̀nà láti Èkó lọ sí ìgbèríko, ibi tí wọ́n ti ka méjìlá sì ni orúkọ náà lẹ̀ mọ́ títí dòní. Nígbà tí mo bá ro orúkọ méjèèjì pọ̀, ìbéèrè kan kì í fi mí sílẹ̀. Bí oúnjẹ bá ti rin gbogbo máìlì wọ̀nyẹn dé ọjà, máìlì mélòó ló kù kí ó tó dé ẹnu ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta omi tútù létí ọjà náà?

Ìyókù ọ̀nà yẹn ni mo pè ní máìlì kẹtàlá. Òun ló kúrú jù nínú gbogbo ìrìn àjò oúnjẹ, òun gan-an la kò sì tíì là.

Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí ìlera àwọn ará ìlú ní 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ni gíga wọn kò tó ọjọ́ orí wọn. Nínú 100 lára wọn tó ti pé oṣù mẹ́fà, 68 ni ẹ̀jẹ̀ ara wọn kò tó. Nígbà tí wọ́n tún ìwádìí náà ṣe ní 2023 sí 2024, 37 ti di 40. Lóòótọ́, ìhà tiwa sàn ju ìhà àríwá lọ nínú ìṣirò yìí, ṣùgbọ́n ọmọ kì í fi ìṣirò yó. Àìga tí a ń sọ yìí kì í sì í ṣe ti ọmọ tó jogún kúkúrú lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ohun tí ara ń fẹ́ ni kò rí gbà fún ìgbà pípẹ́, egungun dúró, ọpọlọ náà sì gba nínú ìpalára rẹ̀. Èyí tó bá bàjẹ́ láàárín 1,000 ọjọ́ àkọ́kọ́, láti inú oyún títí di ọjọ́ ìbí ọdún kejì, ó ṣòro gidigidi láti tún un ṣe.

Ìkòkò tó ṣáájú òpópónà

Ilẹ̀ Àwórì ni ilẹ̀ yìí, omi ló sì yí i ká. Odò Ògùn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sínú ọ̀sà, Àgbóyí tó wà lórí omi sì jẹ́ ìlú àwọn apẹja láti ìgbà àtijọ́. Nínú ìkòkò àwọn ará ibí, ẹja kì í ṣe àlejò. Iṣu wà, epo pupa wà, irú wà, ewédú àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wà, ẹ̀wà sì wà fún àkàrà, ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti èkuru. Kò sí ẹni tó kọ́ àwọn baba wa ní ẹ̀kọ́ nípa èròjà oúnjẹ, síbẹ̀ wọ́n sọ ọ́ ní gbólóhùn kan: oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ohun tí ènìyàn bá jẹ á hàn lára rẹ̀.

Òkun wá gbé irúgbìn tuntun wá. Àgbàdo, ata, tòmátì àti ẹ̀gẹ́, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá, ọkọ̀ àwọn Pọtogí ló sì kó púpọ̀ nínú wọn dé etíkun wa láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ẹ̀gẹ́ pẹ́ kí ó tó gbilẹ̀, nítorí májèlé wà nínú èyí tó korò. Àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú Brazil padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún wà lára àwọn tó tan ọgbọ́n gaàrí kálẹ̀: kí a rẹ́ ẹ, kí a fún omi rẹ̀ dànù, kí a fi í sílẹ̀ kó kan, kí a sì yan án. Ẹ̀bùn ńlá ni. Gaàrí kì í tètè bàjẹ́, ó rọrùn láti gbé, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kò bínú sí ilẹ̀ tó ti ṣá, ó sì ń yóni.

Ibi tó ti ń yóni yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Agbára ló pọ̀ nínú ẹ̀gẹ́. Ohun tó ń mọ ara ọmọ, bí irú èyí tó wà nínú ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà, kéré níbẹ̀ púpọ̀. Bí gaàrí bá bá ẹja àti ẹ̀fọ́ pàdé nínú àwo, oúnjẹ aṣaralóore ni. Bí ó bá dá wà pẹ̀lú omi àti iyọ̀, ikùn kún, ara ṣófo. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà méjì ti ya lọ́wọ́ wa: yíyó lọ́tọ̀, jíjẹ ohun tó ṣe ara lóore lọ́tọ̀. Ìjọba lẹ́yìn ìjọba ló ti gba ọ̀nà kìíní, tí wọ́n rò pé èkejì á tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá di ọ̀nà mú

Ìlú tí kò gbin oúnjẹ rẹ̀ ní láti gbójú lé ọ̀nà. Èkó ti di irú ìlú bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, ọ̀rọ̀ ta ni yóò di ọ̀nà mú di ogun. Ní 1865, àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú nítorí pé ọ̀nà Rẹ́mọ tó gba ibẹ̀ wá sí ọ̀sà ń jẹ́ kí ọjà Ìbàdàn dé Èkó láìgba ọ̀dọ̀ wọn. Glover, tó ń ṣàkóso Èkó fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, rán ọmọ ogun lọ tú wọn ká. Nígbà ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn, ìlẹ̀kẹ̀ àti ìbọn nìkan kọ́ ló dúró sí bodè: iyọ̀ náà dúró. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886, ọ̀nà kò sì tíì là tán. Ní 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbógun ti Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn, ohun tí wọ́n sì sọ pé àwọn ń jà fún ni pé kí ọ̀nà ṣí.

Lẹ́yìn náà ni irin wá di ọ̀nà. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Kánò ní 1911. Obì Agége ń lọ sókè, àlùbọ́sà àti màlúù ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ìgbà yẹn ni okùn tó so ìkòkò ọbẹ̀ Èkó mọ́ ilẹ̀ Haúsá ti le, tí kò sì já mọ́. Nígbà tí ọ̀dà gba ipò irin, tí ọkọ̀ akẹ́rù gba iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ojú ọ̀nà Ìkòròdú gba púpọ̀ nínú ẹrù náà, Kétu àti Máìlì 12 sì di ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná Èkó.

Iye tí wọ́n kọ sórí ìwé

Ogun Àgbáyé Kejì mú ẹ̀kọ́ mìíràn wá. Láti 1941 ni ìjọba amúnisìn ti ń fi òfin de iye tí wọ́n ń ta oúnjẹ ní Èkó. Captain A. P. Pullen ni wọ́n fi ṣe alábòójútó, orúkọ rẹ̀ ni ètò náà sì ń jẹ́ lẹ́nu àwọn ará ìlú. Gaàrí, ẹ̀wà, àgbàdo, epo: gbogbo rẹ̀ ni ìjọba dá iye lé, tí wọ́n sì ní ibi tí wọ́n yàn nìkan ni kí a ti máa tà á. Àwọn tó ń gbé gaàrí bọ̀ láti Ìjẹ̀bú bá ọlọ́pàá lójú ọ̀nà.

Èrò ìjọba dára lójú ara rẹ̀: kí òṣìṣẹ́ lè rà, kí owó ọ̀yà má baà lọ sókè. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n kọ sórí ìwé kò tó owó tí alájàpá fi ra ọjà àti èyí tó san fún ọkọ̀. Oúnjẹ sá kúrò ní gbangba, ó wọ ìkọ̀kọ̀, ibẹ̀ ló sì ti wọ́n jù. Àlímọ́tù Pẹlẹ́wùrà, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó, tó ń ta ẹja, tí kò ka ìwé, dìde sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n fi owó lọ̀ ọ́ kó bá wọn ṣe é, ó kọ̀. Ẹ̀kọ́ tí kíkọ̀ rẹ̀ kọ́ wa ni pé ẹni tó bá fẹ́ dá iye lé gaàrí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iye tó ná ẹni tó rù ú wá. Nígbà tí ogun parí, ètò Pullen parí tẹ̀lé e. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn ń ṣe é fún gan-an ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò ìlú ní 1945 nítorí ọ̀wọ́n ọjà.

Mo ń rántí Pẹlẹ́wùrà nígbàkigbà tí mo bá rí àwọn ìyá tó jókòó ti apẹ̀rẹ̀ ní Máìlì 12. Àwọn ló ń gbé oúnjẹ ìlú yìí, wọ́n mọ ibi tí ọ̀nà ti ń nira, síbẹ̀ ìgbìmọ̀ tí a máa ń pè wọ́n sí láti wá sọ ohun tí wọ́n mọ̀ kò tó nǹkan.

Òṣùwọ̀n Ìmẹ̀sí-Ilé

Títí di ìgbà náà, ọ̀nà àti ọjà nìkan ni gbogbo ènìyàn ń wò. Ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ni ojú ti kọ́kọ́ yí sí ọmọ fúnra rẹ̀. Ní 1933, dókítà obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tó di Ghana lónìí, Cicely Williams, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí ara wọn ń bó. Ó béèrè orúkọ àrùn náà lọ́wọ́ àwọn ìyá, èdè Gáà ni wọ́n fi dá a lóhùn: kwashiorkor, àìsàn tó ń ṣe ọmọ tí àbúrò rẹ̀ ti lé kúrò lẹ́nu ọmú. Nínú orúkọ yẹn ni àlàyé wà. Wọ́n já ọmọ lẹ́nu ọmú, wọ́n gbé e lé oúnjẹ àgbàdo lásán, ohun tó ń mọ ara sì tán. Nígbà ogun abẹ́lé láàárín 1967 sí 1970, àwòrán àwọn ọmọ Biafra tó ní àrùn yìí ká gbogbo ayé, ọ̀rọ̀ náà sì di mímọ̀ títí dé ibi tí wọn kò ti gbọ́ èdè Gáà rí.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ohun tó tóbi jù ti ṣẹlẹ̀, kò sì sí ariwo níbẹ̀. Ní 1956, dókítà David Morley dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ó lọ fi abúlé Ìmẹ̀sí-Ilé, nítòsí ibi tí ogun Kírìjì ti jà láyé àtijọ́, ṣe ibi iṣẹ́. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ ń tẹ̀ lé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ láti ọjọ́ ìbí. Wọ́n ń gbé wọn sórí òṣùwọ̀n lóṣooṣù, wọ́n ń fi àmì sórí káàdì kan, wọ́n sì ń fi ìlà so àmì pọ̀. Ìlà tó ń gòkè, àlàáfíà ni. Ìlà tó dúró, kí ìyá àti nọ́ọ̀sì jókòó sọ̀rọ̀. Ìlà tó ń sọ̀ kalẹ̀, ewu ni.

Ohun méjì ló wà nínú ọgbọ́n yìí tí n kò fẹ́ kí a gbàgbé. Èkíní, ọwọ́ ìyá ni káàdì náà ń gbé, kì í ṣe inú àpótí ilé ìwòsàn. Ìyá tí kò mọ̀wé lè rí ibi tí ìlà ń lọ. Èkejì, káàdì náà rí ebi kí ojú tó rí i. Kí ẹsẹ̀ ọmọ tó wú, oṣù bíi mélòó kan ni ìlà ti fi dúró: lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ògì tó ṣàn rọ́pò ọmú, lẹ́yìn tí ìta ti kọjá lára rẹ̀, tàbí ní àsìkò tí oúnjẹ tuntun kò tíì jáde. Láti Ìmẹ̀sí-Ilé ni káàdì náà ti kálé ayé. Dókítà Olíkóyè Ransome-Kuti náà mú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ àárín ìlú, ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Gbàjà, Sùúrùlérè. Nígbà tó di mínísítà ètò ìlera ní 1985, ó gbé ìtọ́jú alábọ́dé dé ìjọba ìbílẹ̀, ó sì pariwo ọmú ìyá àti omi oníyọ̀ tòun ti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru.

Àpò, apẹ̀rẹ̀ àti omi odò

Ṣùgbọ́n owó epo rọ̀bì ti dé, àpò ni ìjọba sì ń kà. Ètò Operation Feed the Nation dé ní 1976, Green Revolution tẹ̀ lé e ní 1980, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé ìyẹn. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń dáhùn: tọ́ọ̀nù mélòó? Ìbéèrè yẹn kò burú. Nígbà tí kòkòrò funfun kan láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dé sórí ewé ẹ̀gẹ́ wa láyé 1970, tó sì fẹ́ pa gbogbo oko, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA tó wà ní Ìbàdàn láti 1967 ló wá ọ̀tá rẹ̀ kàn: agbọ́n kékeré kan láti Paraguay, tí wọ́n tú sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1981. Hans Herren, tó ṣíwájú iṣẹ́ náà, gba ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé ní 1995. Gaàrí tó wà nínú ilé wa lónìí jẹ agbọ́n náà ní gbèsè.

Ìdídò náà yí ọjà padà. Ìdídò Tíga tó parí ní 1974 fún àfonífojì Kàdáwá ní Kánò lómi láti gbin tòmátì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì ń rin ohun tó lé ní 1,000 kìlómítà wá sí Máìlì 12. Èkó, tí kò ní tó 300,000 ènìyàn nínú ìkànìyàn 1952, ti di ìlú ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Ẹnu pọ̀, ọ̀nà kan ni. Nítorí náà, gbogbo ohun tó bá mi ọ̀nà náà ń mi ìkòkò wa. Ní 2016, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Máìlì 12 ní oṣù Ẹrẹ́nà, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ti ọjà náà pa. Ní oṣù Èbìbí ọdún kan náà, kòkòrò Tuta absoluta run oko tòmátì Kàdúná. Ní 2021, lẹ́yìn rògbòdìyàn ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù dá ọkọ̀ dúró ní àríwá fún ọjọ́ mélòó kan. Ata di wúrà ní Èkó. Ohun tí ogun Ẹ̀gbá ń ṣe sí Ìkòròdú ní 1865, ìbínú àwọn oníṣòwò tún un ṣe láìyin ìbọn.

Omi náà ń bá wa jà. Ìdídò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, ń tú omi sínú odò Ògùn nígbà tí òjò bá pọ̀ jù. Ní 2010, omi ya wọ ilé ní Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú àti àwọn àdúgbò etí odò nítòsí Owódé. Ẹni tó bá rò pé omíyalé kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ, kó wo ọmọ tó mu omi kànga tí ilé ìgbẹ́ ti ya wọ̀. Ohunkóhun tó bá jẹ, ìgbẹ́ gbuuru á gbà á padà. Ọbẹ̀ tó dùn kò lè ṣe nǹkan kan fún ìfun tó ti gbọgbẹ́.

Lẹ́yìn tí owó ìrànwọ́ orí epo lọ ní oṣù Èbìbí 2023, tí náírà sì já, ìjọba àpapọ̀ kéde ìpàjáwìrì lórí oúnjẹ ní oṣù Agẹmọ. Nígbà tó fi di oṣù Òkúdù 2024, iye owó oúnjẹ ti fi ohun tó lé ní 40 nínú 100 ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Apẹ̀rẹ̀ kò yéé wọlé. Ọjà kún. Ṣùgbọ́n nígbà tí kóńgò gaàrí bá gbówó lórí, gaàrí kọ́ ni ìyá máa ń kọ́kọ́ yọ kúrò nínú oúnjẹ ilé. Ẹyin ló ń kọ́kọ́ lọ. Ẹja ló ń tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ̀wà á di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Gaàrí nìkan ló máa ń kù, ilé á sì wí pé a dúpẹ́, a yó. Amartya Sen, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1981 pé ènìyàn lè kú fún ebi níbi tí oúnjẹ wà, bí kò bá ti ní ohun tí yóò fi gbà á. Ó rí i ní Bengal, níbi tí ìyàn 1943 ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró ní Máìlì 12 ní ìrọ̀lẹ́, tó rí ìyá tó ń ṣa ẹ̀ṣà, àwọn tòmátì tó ti tẹ̀, tó sì ń rọ̀, kò nílò ìwé kí ọ̀rọ̀ náà tó yé e.

Irin tí ẹ̀jẹ̀ ń fẹ́

Mo fẹ́ padà sí irin, nítorí irin ni àdúgbò wa ń jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kò lè gbé èémí kiri ara láìsí irin díẹ̀. Àwọn 68 nínú 100 ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó, ibà àti aràn wà lára ohun tó fà á, àìtó irin nínú oúnjẹ sì wà níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀, ẹran àti ẹja ló ní èyí tí ara tètè ń gbà. Ti ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ń ṣòro fún ara láti gbà, àyàfi bí ọsàn tàbí èso mìíràn tó kan díẹ̀ bá tẹ̀ lé e. Ọjà èso Ìkòsí kò jìnnà, ní Kétu. Ọsàn kan lẹ́yìn ẹ̀wà: oògùn kan rèé tí a ń gbà kọjá nínú bọ́ọ̀sì lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún so mọ́ èyí fún àdúgbò tó ń tú bátìrì àti ẹ́ńjìnnì àlòkù. Ọmọ tí irin kò tó lára rẹ̀, ara rẹ̀ ń yára gba òjé tó wà nínú eruku, òjé sì jẹ́ ọ̀tá ọpọlọ ọmọ. Nítorí náà, bàbá tó ń tú bátìrì gbọ́dọ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́ kó sì fọ ọwọ́ kó tó gbé ọmọ. Ohun tó wà nínú àwo ọmọ yẹn náà jẹ́ ara ààbò rẹ̀.

Àwọn èròjà kékeré yìí ti fi hàn pé a lè ṣe é bí a bá fẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 ni wọ́n ti ń fi áyódíìnì sínú iyọ̀ wa, gẹ̀gẹ̀ sì dín kù lọ́rùn àwọn ènìyàn láìjẹ́ pé ìyá kankan yí ọbẹ̀ rẹ̀ padà. Ní 2002, òfin dé pé kí fítámì A wà nínú ìyẹ̀fun, ṣúgà àti òróró. Ní 2011, wọ́n fún àgbẹ̀ Nàìjíríà ní ẹ̀gẹ́ tí inú rẹ̀ pọ́n bíi pé epo wà nínú rẹ̀, fítámì A kan náà ni wọ́n bí mọ́ ọn. Àwọn ìgbésẹ̀ yìí rin díẹ̀ lójú máìlì kẹtàlá. Wọn kò lè rìn ín tán, nítorí iyọ̀ kò lè rọ́pò ẹja.

Láti Brazil wá, lẹ́ẹ̀kejì

Brazil fún wa ní gaàrí. Mo rò pé ó ní ohun mìíràn tó yẹ kí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2003, ìjọba Ààrẹ Lula bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi ń lé ebi. Wọ́n fún àwọn ìyá tálákà lówó lọ́wọ́, kí ọmọ ṣáà máa lọ sí ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Ní 2009, òfin dé pé ó kéré tán, 30 nínú 100 owó oúnjẹ ilé ìwé tí ìjọba àpapọ̀ wọn ń san gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ìdílé àgbẹ̀ kéékèèké. Ní 2014, àjọ oúnjẹ àgbáyé FAO yọ orúkọ Brazil kúrò lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ebi ń pa. Nígbà tí ọwọ́ rọ̀ níbi iṣẹ́ náà, ebi padà wá. Wọ́n tún tẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì tún yọ orúkọ wọn kúrò ní 2025. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀nà yìí ṣeé là, bí a kò bá sì tọ́jú rẹ̀, koríko á bò ó.

Àwa náà ti gbé ẹsẹ̀ díẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fún àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oúnjẹ láti 2012 lábẹ́ ètò O'Meals, ìjọba àpapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2016. Ní 2014, Ìpínlẹ̀ Èkó fún ìyá tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìsinmi oṣù mẹ́fà pẹ̀lú owó oṣù. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta ata ní Máìlì 12 kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìsinmi tirẹ̀ kò ju owó tó so mọ́ ìdí ìró rẹ̀ lọ. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé, ní 2018, 29 péré nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló ń mu ọmú nìkan.

Ìjọba Èkó ti kọ́ ilé iṣẹ́ ìrẹsì sí Ìmọ́ta, tí wọ́n ṣí ní 2023. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ibùdó oúnjẹ ńlá ní Ẹ̀pẹ́ ní 2022. Wọ́n sì ta oúnjẹ ní ẹ̀dínwó lọ́jọ́ Àìkú ní 2024 lábẹ́ ètò Oúnjẹ Èkó. Mo kí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ìrẹsì, ibùdó, ẹ̀dínwó, ọ̀nà àti ọjà náà ni gbogbo rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, a kò tíì béèrè ohun tí Morley béèrè ní Ìmẹ̀sí-Ilé: ọmọ yìí, ìlà rẹ̀ ń gòkè àbí ó dúró?

Àgbà tó wà lọ́jà

Kí ni yóò rí bí a bá pinnu láti la máìlì kẹtàlá? Iṣẹ́ tó tóbi ju agbára wa lọ kọ́. Kí yàrá kan wà nínú ọjà Máìlì 12, ọjà èso Ìkòsí àti àgbàlá onírin, níbi tí ìyá lè fún ọmọ lọ́mú, tí nọ́ọ̀sì á sì máa wà lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀. Kí ìkòkò ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò máa ra ẹ̀wà, ẹja àti ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà wa gan-an, pẹ̀lú ọsàn kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kí apẹ̀rẹ̀ tó ń fọ́ tòmátì lójú ọ̀nà fi àyè sílẹ̀ fún àpótí oníke, kí èyí tó ń di ẹ̀ṣà dín kù. Kí omi mímọ́ dé àwọn àdúgbò etí odò kí òjò tó dé. Kí Ìyálọ́jà àti àwọn olórí onírin jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń pinnu gbogbo èyí, kí a má baà tún kọ iye sórí ìwé bíi ti Pullen.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí a wọn ọmọ. Ní Owódé Onírin, ẹnikẹ́ni kì í ta àjákù irin láìgbé e sórí òṣùwọ̀n. Kílò kan kì í sọnù kó má di ìjà. Irin tó ti jó, tó ti dípẹtà, tó ti jìnnà sí ọkọ̀ tó bí i, a mọ ìwọ̀n rẹ̀, a kọ ọ́ sílẹ̀, a sì mọ iye tó tó. Ọmọ tó ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n yẹn, mélòó nínú wa ló mọ iye tó wọ̀n lóṣù tó kọjá?

Àwọn baba wa ti sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà ni wọ́n sọ, wọn kò sọ ilé, nítorí wọ́n mọ̀ pé ibi tí ojú pọ̀ sí ni a ti máa ń gbàgbé ọmọ. Àwa àgbà wà ní ọjà yìí. Ẹ jẹ́ kí a so òṣùwọ̀n kejì rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti irin, kí ìyá tó ń bọ̀ láti Máìlì 12 gbé ọmọ rẹ̀ lé e, kó wo ìlà lórí káàdì, kó sì rí i pé ó ń gòkè.